Lọ́fíńdà Ti Imú, Láfẹ́ńdà Ti Ẹnu

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ìyàwó ilé, àti ẹ̀yin ọmọge tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ilé ìdáná, ọ̀rọ̀ bisikíìtì ni a gbé wá fún yín lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe bisikíìtì inú ọ̀rá tí àwọn ọmọ ń kiri láàárín ọkọ̀ ní Mile 2 ni a ń wí o. Èyí tí a fi ọwọ́ ara wa yan nílé ni, tí òórùn rẹ̀ ń gba ilé kan, tí àwọn ọmọdé yóò máa yọjú sí ẹnu ààrò láti wò ó bóyá ó ti jinná.

Ìlú tí a torí àlejò kọ́ ni Festac, ní àgbègbè Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin. Nígbà tí àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú wáyé ní Èkó, láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, ibẹ̀ ni a fi àwọn òṣèré àti ọ̀mọ̀wé tí wọ́n wá láti orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 50 wọ̀ sí. Nígbà tí àlejò lọ tán, ìjọba ṣẹ́ kèké, wọ́n sì pín àwọn ilé náà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn aráàlú mìíràn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí Yorùbá, Íbò, Haúsá àti Ẹ̀dó lójú òpópó kan náà níbẹ̀ títí di òní, tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì sì jọ ń gbé ògiri kan.

Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, bí ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ tàbí Iléyá bá pé, àwo kì í dúró sójú kan. Ìrẹsì yóò lọ sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò, ẹran yóò tẹ̀ lé e, nígbà tí ó bá sì di ọjọ́ ọdún tiwọn, àwo náà yóò padà wá. Lóde òní, ọ̀pọ̀ obìnrin tí ń yan nǹkan nílé ti ń fi bisikíìtì sí i. Àwọn kan ń fi àgbọn sí tiwọn, àwọn kan ń fi èèpo ọsàn, àwọn mìíràn tí wọ́n ti rí i nínú àwòrán sì fẹ́ yan èyí tí wọ́n fi òdòdó láfẹ́ńdà sí. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ewu kan fara pamọ́ sínú orúkọ òdòdó yìí, òun ni a sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kan ìyẹ̀fun.

ORÚKỌ NI Ó PA WỌ́N PỌ̀

Lẹ́nu àwa Yorùbá, gbogbo omi olóòórùn dídùn tí a ń fi sí ara ni à ń pè ní lọ́fíńdà. Ìbáà ṣe òdòdó ni wọ́n fi ṣe é, ìbáà ṣe igi, lọ́fíńdà náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ òdòdó kan ṣoṣo ni. Láfẹ́ńdà ni Òyìnbó ń pè é. Ahọ́n wa ni ó yí i padà sí lọ́fíńdà, tí a sì fi orúkọ ọmọ kan pe gbogbo ẹbí.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbọ́ pé wọ́n ń fi lọ́fíńdà sí bisikíìtì, kí ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ sí? Ìgò tí ó wà lórí tábìlì ìmúra ni. Ibẹ̀ ni àṣìṣe lè gbà wọlé. Àwọn àgbà wa sọ pé ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Ohun tí a ṣe fún imú kì í ṣe ohun tí a ń gbé gba ọ̀fun.

ÒDÒDÓ NÁÀ FÚNRA RẸ̀

Igi kékeré ni láfẹ́ńdà, kì í sábà ga ju orúnkún tàbí ìbàdí ènìyàn lọ. Ewé rẹ̀ tín-ín-rín, òdòdó rẹ̀ sì ní àwọ̀ àlùkò. Etí òkun tí ó wà láàárín ilẹ̀ Yúróòpù àti Áfíríkà ti òkè ni ilé rẹ̀. Wọ́n ń gbìn ín gan-an ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, orílẹ̀-èdè Bulgaria sì wà lára àwọn tí ń fún òróró rẹ̀ jù lọ ní ayé. Oòrùn àti ilẹ̀ olókùúta tí omi kì í dúró sí ni ó fẹ́. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wà nínú omi pẹ́, yóò rà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí òjò oṣù kẹfà ti ń rí ní Festac, pẹ̀lú ọ̀sà tí ó yí wa ká, yóò yé yín ìdí tí a kò fi rí i nínú ọgbà ẹnikẹ́ni. Láti òkè òkun ni wọ́n ti ń kó òdòdó gbígbẹ rẹ̀ wá, ìdí sì nìyẹn tí ó fi wọ́n.

Kì í ṣe ohun àjèjì fún àwọn Mùsùlùmí. Khuzaamaa ni àwọn Lárúbáwá ń pè é. Ibn Sina, oníṣègùn ńlá nì tí ó kú ní ọdún 1037, ka ọ̀kan nínú ẹbí òdòdó yìí mọ́ àwọn egbòogi inú ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Al-Qanun. Ní Mòrókò títí di òní, àwọn obìnrin a máa fi òdòdó rẹ̀ gbígbẹ sí àpòpọ̀ èròjà ọbẹ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní ras el hanout. Bí a bá sì ka Súrátù Ar-Rahman, a ó rí i pé Ọlọ́run Ọba dárúkọ ọkà àti ewéko olóòórùn dídùn papọ̀ nínú ẹsẹ kan ṣoṣo, láàárín àwọn oore tí Ó ṣe fún ẹ̀dá. Àti ọkà àti òórùn, oore ni méjèèjì. Kí a lò wọ́n bí ó ti tọ́ ni ó kù.

Ẹ WO OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÌGÒ

Oríṣi nǹkan mẹ́rin ni ẹ lè bá pàdé lọ́jà tí orúkọ láfẹ́ńdà wà lára rẹ̀. Ìkíní ni òdòdó gbígbẹ tí a ṣe fún jíjẹ. Èyí ni ó dára jù fún bisikíìtì. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta èròjà kéèkì àti oúnjẹ ni kí ẹ ti rà á, kí a sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ohun jíjẹ ni. Òdòdó gbígbẹ mìíràn wà tí wọ́n ń tà fún ẹ̀ṣọ́ ilé. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fín oògùn kòkòrò sí i, tàbí kí wọ́n ti wọ́n òórùn mìíràn lé e lórí. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ sórí tábìlì pálọ̀.

Ìkejì ni omi adùn tí àwọn alákàrà òyìnbó ń lò, tí a kọ ọ̀rọ̀ nì, flavour, sí lára. Oúnjẹ ni a ṣe é fún, ṣùgbọ́n ẹ ka ara ìgò náà dáadáa, nítorí ohun tí a ó sọ níwájú.

Ìkẹta ni òróró ògidì tí a fún láti ara òdòdó, inú ìgò kékeré ni ó sábà máa ń wà. Òróró yìí le púpọ̀. Ẹ̀kán díẹ̀ rẹ̀ ní agbára ẹ̀kúnwọ́ òdòdó, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí ó wà lọ́jà ni a kò sì ṣe fún jíjẹ rárá. Ẹ má ṣe fi sí oúnjẹ ọmọdé.

Ìkẹrin ni lọ́fíńdà gan-an, pẹ̀lú ọṣẹ, ìpara, àti omi tí a ń fín sí yàrá. Nínú ọ̀pọ̀ lọ́fíńdà, ọtí líle ni ó pọ̀ jù, wọ́n a sì máa fi ohun kíkorò sí ọtí náà kí ẹnikẹ́ni má baà mu ún. Àwọn kan lè wí pé, èyí tí àwa ń lò kò ní ọtí nínú. Òtítọ́ ni pé irú rẹ̀ wà. Bint El Sudan, tí àwọn ìyá àgbà wa mọ̀ dáadáa, tí ó sì ti wà láti nǹkan bí ọdún 1920, òkìkí rẹ̀ láàárín àwa Mùsùlùmí ni pé kò ní ọtí. Ṣùgbọ́n àìní ọtí kò sọ lọ́fíńdà di oúnjẹ. Ara àti aṣọ ni wọ́n ṣe é fún.

BÍ ỌMỌDÉ BÁ GBÉ E MU

Níbi tí òórùn dídùn bá wà, ọmọdé yóò dé ibẹ̀. Bí ó bá ti mọ̀ pé láfẹ́ńdà wà nínú bisikíìtì ìyá òun, ó lè rò pé dídùn ni ti inú ìgò náà yóò dùn. Nítorí náà, ẹ gbé òróró àti lọ́fíńdà sí ibi gíga, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Bí ọmọ bá sì mu nínú rẹ̀, inú lè máa run ún, ó lè máa bì, oorun sì lè máa kùn ún ju bí ó ti yẹ lọ. Bí òróró náà bá ṣèèṣì gba ọ̀nà èémí, ó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe ni pé a ó sáré bu epo pupa tàbí mílíìkì fún ọmọ kí ó lè bì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Bíbì yẹn gan-an ni ó lè gbé òróró lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, epo pupa náà sì lè bá a lọ. Ẹ nu ẹnu ọmọ náà, ẹ mú ìgò náà lọ́wọ́ kí dókítà lè rí ohun tí ó mu, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín jù lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má ṣe dúró wò ó bóyá yóò sùn kí ó tó yá.

Ọ̀RỌ̀ ỌTÍ INÚ OMI ADÙN

A ti sọ pé kí ẹ ka ara ìgò omi adùn. Ìdí rẹ̀ ni pé ọtí ni wọ́n fi ń yọ adùn jáde láti ara ọ̀pọ̀ èso àti òdòdó. Ní Amẹ́ríkà, òfin sọ pé omi fànílà tí a bá fẹ́ pè ní ojúlówó kò gbọdọ̀ ní ọtí tí ó dín ní ìdá 35 nínú 100. Àwọn àlùfáà ti sọ̀rọ̀ lórí èyí, èrò wọn kò sì ṣọ̀kan. Àwọn kan gbójú fo díẹ̀ tí iná ti gbẹ lára rẹ̀, àwọn mìíràn kò fẹ́ ẹ rárá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àlùfáà tí ó mọ ilé yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀ ní ọ̀nà tí ó rọrùn: kí ó lo òdòdó gbígbẹ fúnra rẹ̀, tàbí èèpo ọsàn, tàbí àgbọn. Kò sí ọtí nínú ewé, kò sì sí iyèméjì.

BÍ A ṢE Ń YAN ÁN

Bisikíìtì yìí kò ní ẹyin, kò sì ní oògùn tí ń mú kéèkì wú. Ìwọ̀n rẹ̀ rọrùn láti rántí: ṣúgà ọ̀kan, bọ́tà méjì, ìyẹ̀fun mẹ́ta, lórí ìwọ̀n. Bí ẹ bá fẹ́ yan tó nǹkan bí 30, ẹ mú ṣúgà gíráàmù 100, bọ́tà gíráàmù 200, ìyẹ̀fun àlìkámà gíráàmù 300, iyọ̀ fínńfín, àti òdòdó láfẹ́ńdà gbígbẹ tí ó tó ṣíbí tíì méjì péré, kí orí rẹ̀ tẹ́jú.

Ẹ kọ́kọ́ gún òdòdó náà pẹ̀lú ṣúgà nínú odó kékeré tí a kò fi gún ata rí, tàbí kí ẹ lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ. Ara ṣúgà rí ṣákaṣàka, yóò ha òróró jáde lára òdòdó, yóò sì gbé òórùn rẹ̀ dúró. Bí ẹ kò bá fẹ́ rí òdòdó náà lójú, ẹ fi asẹ́ jọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣíbí igi po ṣúgà yìí pẹ̀lú bọ́tà tí ó ti rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì yọ́, títí yóò fi funfun díẹ̀. Òórùn láfẹ́ńdà fẹ́ràn ọ̀rá, inú bọ́tà ni yóò sá wọ̀. Ẹ da ìyẹ̀fun àti iyọ̀ sí i, kí ẹ kó o jọ pẹ̀lú ìka. Ẹ má ṣe pò ó bí ẹni ń po búrẹ́dì, nítorí bí a bá pò ó jù yóò le.

Ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí kò bá sí iná mànàmáná, ẹ gbé e sí ibi tútù nínú ilé ní òwúrọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú. Ẹ wá fi ìgò mímọ́ yí i tẹ́, kí ó nípọn bí ìka ọmọdé, kí ẹ sì fi ẹnu ife kékeré gé e. Ẹ yan án nínú ààrò gáàsì tí ó ti gbóná dé ìwọ̀n 160, fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Etí rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Bí ó bá ti pọ́n díẹ̀ bí àwọ̀ oyin, ẹ yọ ọ́. Yóò rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ó bá gbóná. Bí ó bá tutù ni yóò tó le, tí yóò sì máa fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́nu.

Ẹni tí kò ní ààrò gáàsì, kí ó da iyanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò ńlá, kí ó gbé irin tàbí agolo pẹlẹbẹ sí i, kí ó dé e, kí ó sì jẹ́ kí ó gbóná fún ìṣẹ́jú 15. Kí ó wá gbé abọ́ bisikíìtì lé orí irin náà, kí ó dé e padà, kí iná rẹ̀ má sì pọ̀. Ó lè pẹ́ díẹ̀ ju ti ààrò lọ, nítorí náà kí ó máa ṣí i wò.

A ti sọ pé ṣíbí tíì méjì péré. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú yín pọ̀ jù ú lọ. Nínú ọṣẹ ni imú ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ òórùn yìí, àwọn irú láfẹ́ńdà kan sì ní káfúrà nínú ju òmíràn lọ. Bí ó bá pọ̀ jù, àlejò yóò bù ú jẹ, yóò sì rò pé ọṣẹ ni òun ń jẹ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Afẹ́fẹ́ Festac kún fún omi, bisikíìtì sì fẹ́ràn omi. Bí ẹ bá gbé e kalẹ̀ lásán di ọjọ́ kejì, yóò ti rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó tutù pátápátá kí ẹ tó kó o sínú agolo tàbí ike tí ìdérí rẹ̀ ṣe dáadáa. Bí ẹ bá dé e nígbà tí ó ṣì gbóná, ooru rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ di rírọ̀.

BÍ KÒ BÁ SÍ LÁFẸ́ŃDÀ

Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Láti ọdún 2023 tí owó epo mọ́tò àti ti dọ́là ti fò sókè, gbogbo wa ni a mọ ohun tí bọ́tà àti ìyẹ̀fun ti dà. Kì í ṣe dandan kí ẹnikẹ́ni jẹ gbèsè nítorí òdòdó ilẹ̀ Faransé.

Ẹ̀yìn ilé yín ni ẹ ó ti rí ẹbí rẹ̀. Efinrin tí a ń fi sí ọbẹ̀, ẹbí kan náà ni òun àti láfẹ́ńdà nínú ètò tí àwọn onímọ̀ ewéko fi pín igi àti koríko. Ṣùgbọ́n òórùn tirẹ̀ ta díẹ̀, ó jọ ti kànáfùrù. Ẹ sá ewé rẹ̀ níbòji títí yóò fi gbẹ, kí ẹ rún un kúnná, kí ẹ sì lo ìdajì ṣíbí tíì péré pẹ̀lú èèpo ọsàn kan tí a rin. Ewé tíì náà dára: ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ yọ́ bọ́tà lórí iná díẹ̀, ẹ rẹ ewé náà sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì jẹ́ kí bọ́tà náà dì padà kí ẹ tó lò ó. Èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú àgbọn kò sì ní ojúgbà. Láti Agboju ẹ lè ra gbogbo rẹ̀ láàárín ìrìn kan.

FÚN ẸNI TÍ Ó FẸ́ TÀ Á

Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó ti fi ààrò kan ran ọkọ wọn lọ́wọ́ láti san owó ilé ìwé. Bí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ ka gbogbo ìnáwó: gáàsì, ọ̀rá, ọkọ̀, àti agbára yín pàápàá. Ẹ kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sára ọ̀rá, kí ẹni tí mílíìkì tàbí àlìkámà kì í bá lára mu lè mọ̀. Bí ó bá jẹ́ efinrin ni ẹ lò, ẹ má ṣe pè é ní láfẹ́ńdà. Ẹ pè é ní efinrin, kí ẹ sì fi yangàn. Nígbà tí ọjà bá ń gbòòrò tí ẹ fẹ́ máa gbé e sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ lọ bá àjọ NAFDAC, èyí tí ìjọba fi òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, kí ẹ gba nọ́ńbà. Ìwọ̀n àti òtítọ́ jẹ́ ìjọsìn fún oníṣòwò tí ó jẹ́ Mùsùlùmí.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹni tí ó bá gba àwo lọ́wọ́ yín kò béèrè ohun tí ẹ fi sí i. Ó bu ún jẹ, ó sì fún ọmọ rẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé ó gbà yín gbọ́. Ìgbàgbọ́ yẹn wọ́n ju bọ́tà lọ. Ẹ fi lọ́fíńdà sí ara yín kí ẹ máa ta sánsán lọ kí ìrun ọdún, kí ẹ sì fi ohun jíjẹ sí oúnjẹ. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a máa fi ayọ̀ gbé àwo lọ, kí a sì máa fi ayọ̀ gbà á padà. Àmín.